Ìlà Kan fún Yutsim

Ó ti rẹ Sikhing kí omi tíì àárọ̀ tó hó. Kì í ṣe àárẹ̀ tí oorun ń wò. Ojú ló ń ta á, ojú tó ti fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tẹ̀ mọ́ pátákó igi, tó fi ń wo ìlà tó tín-ínrín ju irun orí lọ. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní abúlé Magang, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé dáadáa, ó gbé pátákó lé orí tábìlì kékeré, ó sì ń fín in lọ.

Obìnrin ló ń fín ìwé ní Magang. Ọmọbìnrin a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà kí eyín rẹ̀ tó pààrọ̀ tán. Bó bá fi máa dàgbà, ọwọ́ rẹ̀ á ti mọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún àmì ìkọ̀wé, bẹ́ẹ̀ ni kò ní lè ka ẹyọ kan nínú wọn. Bí Sikhing ṣe rí nìyẹn. Akọ̀wé á kọ ojú ìwé sórí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọn á fi àtè ìrẹsì dojú bébà náà dé orí pátákó, Sikhing á wá fi ìka tó lómi ra ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí á fi ku yíǹkì nìkan lára igi. Ibi tí yíǹkì bá wà, kò ní fọwọ́ kàn án. Ibi tí kò bá sí, á gbẹ́ ẹ dànù. Iṣẹ́ náà kò gba ìwé kíkà. Ọ̀bẹ mímú ló gbà, àti ẹ̀yìn líle, àti ojú.

Síbẹ̀ ó mọ àwọn ẹni ńlá ilẹ̀ China bí ẹni mọ ará àdúgbò. Olùkọ́ Mak, ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ wọn wò fún àṣìṣe, kì í lè kàwé láì kà á sókè. Bó bá ti ń kà á ni Sikhing ń gbọ́. Ó ti fín ìtàn Cai Lun, tó fi èèpo igi àti àkísà ṣe bébà. Ó ti fín Hua Tuo oníṣègùn, tó ń fún aláìsàn ní ọtí oògùn mu kó tó fi ọ̀bẹ kàn án. Ó ti fín Zhang Heng nínú ìwé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìyẹn ẹni tó ṣe ìkòkò bàbà tó ń sọ ibi tí ilẹ̀ ti mì: ilẹ̀ á mì lọ́nà jíjìn, bọ́ọ̀lù kan á já bọ́ láti ara rẹ̀ sẹ́nu ọ̀pọ̀lọ́ bàbà tó kọjú sí ibẹ̀. Ìyẹn nìkan ló mú un dá ọ̀bẹ dúró rí. Ó bi Mak pé kí ló wà nínú ìkòkò náà. Mak ní òpó kan ni. Òpó tó dúró báwo? Mak kò mọ̀. Odindi oṣù kan ni Sikhing fi rò ó, pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́.

Ìwé tó wà nílẹ̀ báyìí kì í ṣe ti ará òkèèrè. Ìwé ìtàn agbègbè tiwọn ni, tí ìjọba ń tún kọ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún: àwọn odò, àwọn ògiri odò tó ń dá omi dúró, tẹ́ńpìlì, àti ìtàn àwọn ọmọ agbègbè tó ṣe bẹbẹ. Ọ̀gá ìjọba tó pàṣẹ rẹ̀ ti ń di ẹrù lọ sí ibi iṣẹ́ mìíràn, ó sì fẹ́ fi ojú kan ìwé náà kó tó lọ. Ọ̀túnla ni ọkọ̀ ojú omi máa wá kó pátákó. Mẹ́ta ló kù ní fífín.

Báyìí ni bàbá kan gba orí ògiri àárín adágún ẹja dé, agboòrùn lábẹ́ apá, ẹrẹ̀ dé orúnkún.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ibí ni wọ́n ti ń fín ìwé agbègbè?"

"Ibí ni, Bàbá. Ẹ jókòó. Ta lẹ ń wá?"

"Ara mi ni mò ń wá. Mo gbọ́ pé mo ti kú."

Olùkọ́ Mak gbé orí sókè níbi tó ti ń yẹ ewé ìwé wò lẹ́bàá Sikhing. "Kí ni kí n pe orúkọ yín, Bàbá?"

"Lo Pakyiu, ará Saikau. Káfíńtà ni mí."

Mak tú ewé, ó tú u, ó fi ìka kan dúró lójú kan. Ó wo bàbá náà, ó tún wo ewé. "Ẹ dákun, ẹ má bínú. Orí Àwọn Oníṣẹ́ Ọnà, ewé tó gbẹ̀yìn. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn lẹ ti kú."

"Ọdún mẹ́fà!" Bàbá náà tú bàtà rẹ̀, ó gbọn ẹrẹ̀ dànù. "Abájọ tó fi ń rẹ̀ mí."

Sikhing rẹ́rìn-ín, ọ̀bẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó bu tíì fún un. Bàbá mu ún tán kó tó ṣàlàyé. Ìyàwó rẹ̀ ló kú lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Ó fín orúkọ àwọn méjèèjì sórí òkúta sàréè pa pọ̀, bí gbogbo ayé ti ń ṣe, ó sì fi ọ̀dà pupa kun tirẹ̀, torí orúkọ tó pupa lórí òkúta, ẹni tó ni ín ṣì ń jẹun. Nígbà tí ìjọba rán akọ̀wé kan wá gba ìtàn àwọn ẹni ńlá Saikau sílẹ̀, ọ̀gbẹ́ni náà ní ẹrẹ̀ abúlé ti pọ̀ jù. Orí òkè sàréè ló dúró sí, ó ń da orúkọ kọ.

"Ìgbà wo lẹ kun tiyín kẹ́yìn?" ni Mak béèrè.

"Ọdún tí a rì ín mọ́lẹ̀ náà ni."

"Ọ̀dà wo ló máa dúró de òjò ọdún mẹ́fà? Ẹ̀yin náà, Bàbá. Ṣé ẹ kì í lọ tún sàréè ṣe nígbà ìrúwé ni?"

"Mò ń lọ. Mò ń ro koríko, mò ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Ti ọ̀dà yẹn ni... ó rẹ̀ mí láti máa kun ara mi ní alààyè."

Sikhing tún bu tíì fún un.

Mak tún ewé náà tò. "Tóò. Kò sí wàhálà. A kì í kọ ìtàn alààyè. Ó dìgbà tí ìdérí pósí bá dé kí á tó mọ irú ẹni tí èèyàn jẹ́. A ó yọ yín."

"Mo mọ òfin. Kì í ṣe torí ìyẹn ni mo ṣe fẹsẹ̀ rìn láti Saikau. Ẹ kọ́kọ́ kà á fún mi ná."

Mak kà á. Lo Pakyiu, káfíńtà, onísùúrù èèyàn, ló dá nìkan ronú ilẹ̀kùn omi tó ń ti ara rẹ̀, tó gba àwọn adágún abúlé mẹ́sàn-án lọ́wọ́ omi iyọ̀.

"Irọ́ ni," ni bàbá wí.

"Èwo nínú rẹ̀?"

"'Ó dá nìkan ronú.' Yutsim ló rò ó. Kwan Yutsim, ìyàwó mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí òkun bá ru, omi iyọ̀ á gba inú odò gòkè. Láyé ijọ́un, ọkùnrin méjì ní láti wà nídìí ilẹ̀kùn omi tọ̀sán-tòru láti fi okùn sọ ọ́ kalẹ̀. Bí oorun bá gbé wọn lọ, ẹja kú. Lọ́jọ́ kan, Yutsim ń fa òwú sẹ́dà nínú omi gbígbóná, ó ń wo ẹní ọparun tó rọ̀ sẹ́nu ọ̀nà wa. Afẹ́fẹ́ tinú ilé jáde, ó tì í síta. Afẹ́fẹ́ tìta wá, ó gbá a mọ́ àtẹ́rígbà àti ìloro, kò lè wọlé. Ló bá ní: 'Pakyiu, ṣé omi gọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ ni?'"

Sikhing ti gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó gbé ọwọ́ kan sókè, ó jẹ́ kí ìka rẹ̀ rọ̀ bí ilẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ kejì ṣe omi. "Ẹ gbé e kọ́ láti òkè."

"Láti òkè."

"Bí odò bá kún, odò fúnra rẹ̀ á tì í pa. Bí odò bá fà, omi adágún á tì í sílẹ̀."

"Ìyẹn gan-an, ọmọ mi. Èmi kàn kan igi pọ̀ ni." Bàbá yíjú sí Mak. "Ẹ yọ orúkọ mi, ẹ fi tirẹ̀ síbẹ̀. Òun ti kú. Ìdérí ti dé. Òfin yín ò lè rí nǹkan kan wí."

Mak fọwọ́ ra iwájú orí. Ìgbà mẹ́sàn-án ló ti ṣe ìdánwò ìjọba tó sì já. Ó mọ bí a ti ń gba ìròyìn burúkú, kò mọ bí a ti ń fi í fúnni. "Obìnrin ni, Bàbá. Wọn ò fi obìnrin sí orí àwọn oníṣẹ́ ọnà. Orí tiwọn wà lọ́tọ̀, ti àwọn opó tí kò fẹ́ ọkọ mìíràn, àti àwọn tó bá ọkọ kú. Ṣé ó ṣe opó?"

"Báwo ló ṣe máa ṣe opó? Èmi rèé!"

"Ohun tí mò ń wí nìyẹn."

"Ẹ wá pa mí rẹ́, kí ẹ sì tì í síta." Ohùn bàbá kò le, ńṣe ló ń lọ sílẹ̀. "A ò bímọ. Ìdílé Fok tó gbé òkúta ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn náà sílẹ̀ ti ń sọ pé bàbá ńlá àwọn ló rò ó. Mò ń jiyàn nígbà tí mo ṣì lẹ́nu. Bí mo bá kú, tí ìwé ò sì sọ nǹkan kan, ta ló máa bá Fok jiyàn?"

Sikhing kò mọ ìwé, ṣùgbọ́n ó mọ igi. Ó mọ pátákó kọ̀ọ̀kan, ó mọ ibi tí kókó wà lára rẹ̀ àti ibi tí ọ̀rọ̀ ti tán kí ààyè tó tán. "Olùkọ́, orí àwọn ògiri odò tí mo fín lóṣù tó kọjá, ṣé ìtàn òkú ló wà níbẹ̀ náà?"

"Rárá. Orúkọ ilẹ̀kùn omi, ibi tó wà, ẹni tó ṣe é."

"Òfin wo ló ní obìnrin ò gbọdọ̀ sí níbẹ̀?"

Mak tú ewé padà sí orí náà. "Kò sí. Ẹnikẹ́ni ò rò ó rí."

"Ìlà kan ṣófo nísàlẹ̀ pátákó kẹtàdínlógún."

"O ti gbẹ́ ibẹ̀ jìn, Sikhing. Kò sí igi tó máa mú yíǹkì níbẹ̀ mọ́."

"Ta ló gbẹ́ ẹ? Ṣebí èmi ni. Mo mọ bí mo ṣe máa dí i."

"Ó rẹ̀ ọ́. Pátákó mẹ́ta ló kù."

"Kò sí ọjọ́ tí kì í rẹ̀ mí."

Mak dìde, ó rìn dé ibi adágún, ó padà. Orúkọ rẹ̀ ló wà lábẹ́ gbogbo ewé tí a bá yẹ̀ wò. Bí àwọn olóyè ìlú bá rí ohun tí wọn kò pàṣẹ, òun ni wọ́n máa lé. "Ẹnikẹ́ni kì í ka orí àwọn ògiri odò," ló sọ níkẹyìn, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Àwọn tó ní adágún nìkan ni."

"Àwọn yẹn gan-an ló yẹ kó mọ̀," ni bàbá dáhùn.

Ìlà kan kì í gbà ju ogún àmì. Mak pọn yíǹkì, ó ní kí bàbá sọ ohun tó fẹ́. Bàbá sọ ọ́: bí omi gbígbóná ti bó ìka Yutsim, bó ṣe fi àwọn káfíńtà ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀lẹ ni wọ́n, bí ìjì ọdún kan ti gbé òrùlé lọ tí ilẹ̀kùn náà kò sì mì.

"Àmì ti lé ní ọgọ́ta, Bàbá."

"Ẹ yọ ti ìjì."

Wọ́n yọ ìjì. Wọ́n yọ àwọn káfíńtà. Ìka Yutsim ló pẹ́ jù kó tó jáde. Níkẹyìn, bàbá ní kí wọ́n yọ ọ́. Ó wá ku pé: Ilẹ̀kùn omi Saikau, ó ń ṣí fúnra rẹ̀, ó ń tì fúnra rẹ̀, Kwan Yutsim ló rò ó.

"Ààyè mẹ́rin ṣẹ́kù," ni Mak wí. "Ó gba orúkọ yín gẹ́lẹ́. 'Lo Pakyiu kàn án.' Kò sẹ́ni tó lè ní pé ẹ wà láàyè tàbí ẹ ò sí."

Bàbá ka ìka rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì. "Ẹ kọ ọdún tí a gbé e kọ́ síbẹ̀. Fok máa wí pé tàwọn ló ṣáájú."

Sikhing la ihò tóóró sára pátákó náà, ó jẹ́ kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ ju ẹnu rẹ̀ lọ. Igi tó kọ́kọ́ gé láti fi dí i fọ́ lábẹ́ òòlù. Bàbá gba èkejì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yí i wò, ó to ìlà ara igi náà mọ́ ti pátákó, kó má baà jẹ́ pé ọ̀kan á wú nínú omi yíǹkì tí èkejì kò ní wú. Ó tì í wọlé láti ẹ̀gbẹ́. Kò dún, kò mì. Sikhing fi ìfági tẹ́ ẹ, ó lẹ bébà Mak mọ́ ọn, ó ra á títí yíǹkì fi yọ.

"Èwo ni orúkọ rẹ̀ nínú rẹ̀?" ló bi Mak.

Mak fi ọwọ́ kan àmì mẹ́ta. Mẹ́ta yẹn ni ó kọ́kọ́ fín, kí ojú tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta á.

Bó ti ń fín ìyókù, bàbá ń wo pátákó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tí ìtàn tirẹ̀ wà lára rẹ̀. "Igi píà ni èyí. Kí lẹ máa fi ṣe?"

"A ó fá a, Bàbá, ká lè tún un lò. Ṣùgbọ́n kò tíì yá. Ọwọ́ mi ò gbà á lónìí."

"Ẹ yá mi ní ìfági."

Ó gbé e lé orúnkún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fá a, láìkánjú, láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni tó ti fá igi láti kékeré. Ìfági gbé 'onísùúrù èèyàn' kúrò, ó gbé 'abúlé mẹ́sàn-án' kúrò, wọ́n ká jọ sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó tẹ́jú, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò, ó rí ibi kan tó ṣì ga díẹ̀, ó sì padà sí i.