Oyún Ọyẹ́

Ó ti rẹ Àsàbí. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ló ti ń ti fèrèsé yàrá tó ti ń lọṣọ l'Árẹ̀mọ, kí eruku má baà ba aṣọ funfun àwọn oníbàárà jẹ́. Bó bá ti wa ẹyinná sínú áyọ́ọ̀nù báyìí, orí á máa fọ́ ọ, òòyì á kọ́ ọ, á sì bì. Bó bá gbé aṣọ lọ sí Mápó, ara á yá. Bó bá padà, á tún dọ̀tun.

"Oyún ni!" ni ìyá ọkọ rẹ̀ ń wí. Ó pẹ́ tí Àsàbí àti ọkọ rẹ̀ ti ń wojú Ọlọ́run fún ọmọ. Ta ni yóò bá ìyá ọkọ jiyàn lórí ohun tí òun alára ń tọrọ?

Lọ́jọ́ kan, ìyá fa àpótí, ó jókòó tì í láti ṣọ́ ọ. Kò pẹ́, ìyá fọwọ́ dorí mú. Ó dìde, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ló bá bì.

Àsàbí wo ẹyinná, ó wo fèrèsé. Ó wọ́ ìyá síta.

Nígbà tí atẹ́gùn fẹ́ sí i, ojú ìyá wálẹ̀. "Àsàbí, ṣé èmi náà lóyún ni?"

"Rárá, Màmá. Oró inú èéfín ẹyinná ni. Èmi ni mo ń ti fèrèsé, tí mo ń tì í mọ́lé."

Wọ́n jókòó sórí pèpéle. Ẹ̀fọ́rí Àsàbí ń lọ díẹ̀díẹ̀, ó sì wù ú kó má lọ.