Èsì Tó Wọ Fóònù Ẹ̀gbọ́n

Nínú ìdílé yìí, ọ̀rọ̀ ńlá kì í dé etí ọmọdé kó tó dé etí àgbà. Ẹni tó bímọ, àgbà ni yóò kọ́kọ́ sọ fún. Ẹni tó ríṣẹ́, àgbà náà ni. Kódà, ẹni tí wọ́n lé níbi iṣẹ́ kò gbọdọ̀ tíì sunkún. Kó kọ́kọ́ lọ bá àgbà ná. Bàbá wọn ló fi òfin náà lélẹ̀ kó tó kú. Àkọ́bí rẹ̀ tó jẹ́ jórinjórin, tó ń ṣe géètì àti irin ojú fèrèsé, ló sì jogún ipò àgbà pẹ̀lú gbogbo wàhálà inú rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí àbúrò rẹ̀ obìnrin ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò àtiwọ ilé-ẹ̀kọ́ òfin, tí wọ́n ní kó kọ nọ́ńbà fóònù tí àwọn yóò fi èsì ránṣẹ́ sí, nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n ló kọ. Kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tó ṣe ìdánwò tán ni ojú rẹ̀ tó là, tó káwọ́ lérí. Ó ti so ara rẹ̀ mọ́ fóònù ọkùnrin tí kì í rántí ibi tó gbé fóònù sí.

Àwíjàre ni wọ́n ń pe obìnrin náà ládùúgbò, wọn ò sì purọ́ mọ́ ọn. Òun ló ń wọn fèrèsé, òun ló ń gba iṣẹ́ sílẹ̀, òun náà ló ń kojú oníbàárà tí inú bá ń bí. Bí irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ bá ti ń bọ̀ lókèèrè, Jórinjórin á fa awò dúdú bojú, á tẹrí mọ́ irin, á máa jó o lọ bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí yóò bá fi gbójú sókè, ẹni tó wá jà á ti máa dúpẹ́, á ti máa kí wọn pé ó dàárọ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń sọ pé kí obìnrin yìí kúkú lọ di lọ́yà kí àdúgbò lè sinmi. Wọ́n fi ń ṣàwàdà ni. Òun kò gbà á ní àwàdà.

Ẹ̀ẹ̀kejì rèé tó ṣe ìdánwò náà. Ó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé bí òun kò bá yege lọ́tẹ̀ yìí, òun ò tún ní dán an wò mọ́, òun á jókòó ti ṣọ́ọ̀bù. Bó bá sì yege, ìlú mìíràn ni ilé-ẹ̀kọ́ náà wà. Jórinjórin mọ èyí dáadáa. Àràárọ̀ ló ń gbàdúrà fún un, "àmín" rẹ̀ a sì máa ròkè lálá.

Àsìkò tí wọ́n ń dúró de èsì, ara obìnrin náà kò balẹ̀ rárá.

"Ẹ̀gbọ́n, fóònù yín dà?"

"Ó wà lápò."

"Ṣé iná wà nínú ẹ̀?"

"Ó wà."

"Ẹ yọ ọ́ kí n rí i."

Lọ́jọ́ kan, fóònù dún, Àwíjàre sì fò fẹ̀rẹ̀ kọjá lórí géètì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lọ́dà. Ẹsẹ̀ kan kọjá, ẹsẹ̀ kejì balẹ̀ sínú ọ̀dà tútù. Ilé-iṣẹ́ fóònù ló ń bi ẹ̀gbọ́n bóyá ó fẹ́ kí orin máa kọ sétí ẹni tó bá pè é. Nígbà tí ẹni tó ni géètì dé, tó rí àmì ẹsẹ̀, tó fi igbe bọnu, Àwíjàre ní kó fara balẹ̀. Ó bi í pé bí olè bá rí àmì ẹsẹ̀ lára géètì, kí ni yóò rò? Ṣebí yóò rò pé ẹlòmíràn ti ṣáájú òun wọlé, pé kò sí nǹkan kan tó ṣẹ́kù níbẹ̀ mọ́. Ọkùnrin náà ronú díẹ̀, ó ní kí wọ́n bá òun tẹ ẹsẹ̀ kejì mọ́ ọn.

Jórinjórin rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ta ni yóò máa ṣe irú èyí fún un bí ọmọ yìí bá lọ?

Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ọ̀dà ló wà nígbà tí èsì dé. Ó gbé fóònù súnmọ́ ojú, ó kà á, ó tún un kà: "Èsì ìdánwò yín: 170. Ẹ má ṣe fèsì sí àtẹ̀jíṣẹ́ yìí."

Ó mọ nọ́ńbà náà. Kò tíì pẹ́ tí nọ́ọ̀sì kan so aṣọ mọ́ ọn lápá, tó fẹ́ atẹ́gùn sí i, tó wo nọ́ńbà, tó sì pariwo pé, "Àádọ́sàn-án! Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kú ni?" Látọjọ́ náà ni iyọ̀ ti di èèwọ̀ fún un, tí ẹran díndín ń kọjá níwájú rẹ̀ bí àlejò tí kò mọ̀ ọ́n. Lójú tirẹ̀, kò sí nọ́ńbà tó burú tó àádọ́sàn-án láyé. Nígbà tó wà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́wàá ni òpin máàkì, kò sì débẹ̀ rí. Nǹkan tó bá wá kọjá mẹ́wàá títí tó fi di àádọ́sàn-án, àìsàn ni. Wọ́n tún ní kí òun má fèsì! Inú ti bí wọn débi pé wọn ò fẹ́ gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Ó mí kanlẹ̀. Ibẹ̀ ni nǹkan mìíràn ti yọ́ wọ inú rẹ̀, ó tutù, ó sì dùn: ọmọ náà kò ní lọ mọ́. Ojú ti ọkùnrin náà débi pé ó wẹ̀yìn wò bóyá ẹnikẹ́ni rí i. Ó ra ọ̀dà tí ẹnikẹ́ni kò rán an, ó sì gba ọ̀nà ilé lọ bí olè.

"Ẹ má là á mọ́ ọn lórí o," ni ìyàwó rẹ̀ wí nígbà tó gbọ́. "Ọ̀rọ̀ bí èyí, ẹ̀sọ̀ ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Ẹ lọ pe Bàbá Káfíńtà."

Bàbá Káfíńtà ló dàgbà jù ládùúgbò, òun ni wọ́n sì máa ń rán bí ikú bá ṣẹlẹ̀. Nígbà kan rí, ó mọ ọ̀rọ̀ yí po débi pé obìnrin kan gbọ́únjẹ fún un, ó jẹun tán, ó fọwọ́, kí obìnrin náà tó mọ̀ pé òun ti di opó. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ti wá pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ jù. Gbogbo èèyàn ti mọ̀ ọ́n. Bó bá kanlẹ̀kùn báyìí tí kò rẹ́rìn-ín, ẹkún ni wọ́n fi ń kí i káàbọ̀.

Àwíjàre ń lọṣọ ní yàrá rẹ̀ nígbà tí wọ́n wọlé ní ìrọ̀lẹ́. Ó rí ẹ̀gbọ́n, ó rí aya ẹ̀gbọ́n, ó sì rí ẹni tó wà lẹ́yìn wọn. Ó fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ lórí aṣọ.

"Ta ló kú?"

"Jókòó, ọmọ mi," ni Bàbá Káfíńtà wí.

"Bàbá, n ò ní jókòó. Ta ló kú?"

"Ṣé o mọ̀ pé ayé yìí, ọjà ni?"

Àwíjàre figbe ta. Bàbá kò tilẹ̀ dúró, ó ń bá tirẹ̀ lọ: "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé bí ọmọ ọwọ́ bá kú ni wọ́n ń fi èyí rẹ ìyá rẹ̀ lẹ́kún.

"Omi wo?" ni Àwíjàre ń pariwo. "Èmi tí n ò tíì bímọ! Bàbá, omi ta ni?"

Èéfín ti ń rú lára aṣọ. Ìyàwó Jórinjórin sáré gbé áyọ́ọ̀nù, ó jó o lọ́wọ́, òun náà ké, Bàbá Káfíńtà sì rò pé ẹkún ọ̀fọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ló bá ṣí fìlà.

"Kò sẹ́ni tó kú!" ni Jórinjórin jágbe. "Èsì ló jáde. O ò yege."

Àwíjàre jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

"Ó dáa," ó ní. "Ó ti tán náà nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n, obìnrin tó ń kọ́lé lókè yẹn ní ká wá wọn fèrèsé òun lọ́la. Bílẹ̀ bá ti mọ́, n óò lọ."

Kò jiyàn. Kò bèèrè ẹni tó máàkì ìwé náà. Ohun tí Jórinjórin ń fẹ́ nínú ọkàn rẹ̀ gan-an nìyí, wọ́n gbé e lé e lọ́wọ́ báyìí, kò sì lè gbà á. Ó lọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, níwájú àbúrò rẹ̀.

"Èmi ni mo fà á."

"Kí lẹ ṣe?"

"Nígbà tí mo rí i, ara tù mí. Mo ní o ò ní lọ mọ́ nìyẹn. Ẹnu lásán ni mo fi ń gbàdúrà fún ẹ, inú mi ò sí níbẹ̀. Ta ló mọ̀ bóyá tinú yẹn ni Ọlọ́run gbọ́."

Bàbá Káfíńtà wo ilẹ̀, ó wo òkè. Kò ní òwe kankan fún èyí.

"Mélòó ni wọ́n fún mi?" ni Àwíjàre bèèrè.

"Má wulẹ̀ bèèrè."

"Ẹ̀gbọ́n, mélòó ni?"

"Àádọ́sàn-án," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, bí ẹni ń dárúkọ àrùn ìtìjú.

"Ẹ gbé fóònù yẹn wá."

Ó kà á. Ó gbé ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ó sì ṣubú sẹ́yìn lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀rín ń pa á lọ.

"Yéè! Ọ̀rọ̀ ti dé orí ọmọ o!" ni aya ẹ̀gbọ́n wí, ó ń wá omi kiri.

"Ẹ̀gbọ́n, ọgọ́sàn-án ni òpin ẹ̀! Ọgọ́jọ ni wọ́n ní ká mú! Ta ló sọ fún yín pé àádọ́sàn-án burú?"

"Nọ́ọ̀sì ni."

"Nọ́ọ̀sì wo?"

"Nọ́ọ̀sì ẹ̀jẹ̀ ríru."

Ìyàwó rẹ̀ lu àtẹ́lẹwọ́ tí áyọ́ọ̀nù jó, ó ké, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Bàbá Káfíńtà dé fìlà rẹ̀ padà, ó ní ṣebí òun ti sọ fún wọn pé agbè ò fọ́. Ó ní òun kò tíì mú ìròyìn ayọ̀ wọ ilé ẹnikẹ́ni rí látọjọ́ tí òun ti ń jíṣẹ́, kí wọ́n jẹ́ kí òun jó díẹ̀. Ó sì jó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, aya ẹ̀gbọ́n tẹ̀lé e.

Jórinjórin kò dìde. Àwíjàre sọ̀ kalẹ̀ wá jókòó sílẹ̀ tì í.

"Ẹ ní ara tù yín."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. N ò sẹ́."

"Ní báyìí ńkọ́?"

"Orí mi wú. Ó sì ń dùn mí."

"Bí ẹ bá ní kí n má lọ, n ò ní lọ."

Ó mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Ọmọ yìí lè bá ọba jiyàn, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú, kò sọ pé rárá sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí. Ẹ̀rù wá bà á ju bí ti nọ́ọ̀sì ṣe bà á lọ.

"Gbọ́," ó ní. "Tó bá di ọ̀la, tí oníbàárà ń pariwo lé mi lórí, tí mo bá ní kí o dúró, má gbà fún mi. Bá mi jiyàn bí o ṣe ń bá gbogbo ayé jiyàn."

Omijé ti dé ojú Àwíjàre. "N ò lè bá yín jiyàn, Ẹ̀gbọ́n. N ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

"Lọ kọ́ ọ," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáhùn. "Ṣebí ohun tí o fẹ́ lọ kọ́ náà nìyẹn."