Ẹ Jẹ́ Kí Láyọ̀ Jókòó

Lẹ́tà tí ọmọ náà kọ kò ju ìlà mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Adétóun ti kà á lórí fóònù rẹ̀ ni kò ti lè jókòó sójú kan. Ó kà á nínú kíṣìnì, ó kà á lórí bẹ́ẹ̀dì, ó tún jáde lọ kà á lórí bákónì, bí ẹni pé afẹ́fẹ́ Sharjah, ìlú Lárúbáwá tí wọ́n ń gbé, lè yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fagi lé Oṣù Ìtàn Àwọn Adúláwọ̀ ní ilé ìwé wa. A ò nílò rẹ̀ mọ́. Èmi ni Láyọ̀, kíláàsì kẹfà." Ọ̀gá ilé ìwé ló fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí i, ó ní kí ìyá ọmọ wá rí òun lọ́jọ́ kejì, aago mẹ́wàá àárọ̀.

Bó bá jẹ́ ọmọ ẹlòmíràn ló kọ ọ́, Adétóun ìbá ti mọ èsì tí yóò fún un. Ọmọ tirẹ̀ ló kọ ọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló sì jà fitafita kí ilé ìwé náà tó dá oṣù yẹn sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìdúnta ni. Láyọ̀ wà ní kíláàsì kẹrin, wọ́n ń ṣeré ìdárayá, wọ́n ní kí àwọn ọmọ di ara wọn lọ́wọ́ mú. Ọmọkùnrin kan di Láyọ̀ lọ́wọ́ mú tán, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó ní àwọ̀ yẹn lè ran òun. Olùkọ́ ní eré ọmọdé ni. Adétóun, nọ́ọ̀sì àgbà ní ọsibítù kan ní Dubai, ẹni tí kì í gbóhùn sókè lé aláìsàn lórí, pariwo lọ́jọ́ náà débi pé àwọn dírẹ́bà bọ́ọ̀sì ilé ìwé yọjú wò ó. Lẹ́tà mẹ́rin ló kọ. Ìpàdé mẹ́ta ló lọ. Níkẹyìn, ilé ìwé ní ó tó, àwọn yóò máa ṣe Oṣù Ìtàn Àwọn Adúláwọ̀ ní oṣù kẹwàá, bí wọ́n ti ń ṣe é ní Ìlú Ọba. Adétóun dé ilé, ó jó. Ìdùnnú ṣubú lu ayọ̀. Kò sì sí adúláwọ̀ mìíràn ní kíláàsì Láyọ̀, torí náà Láyọ̀ di agbẹnusọ oṣù.

Gbémiga, ọkọ rẹ̀, tó ń ṣe kágò ní Deira, ní Dubai níbẹ̀, tó ń bá àwọn oníṣòwò Èkó di ẹrù sínú kọ̀ntánà, kò gba tiẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó ṣe ka lẹ́tà náà nírọ̀lẹ́, ẹ̀rín ló bú sí.

"Ọmọ yẹn gbọ́n jù wá lọ. Ṣé mi ò sọ fún ẹ? Wọ́n fún wa ní oṣù kan, wọ́n kó mọ́kànlá tó kù lọ. Khalas, ó ti tán! Kí wọ́n gba ìkan yẹn náà padà."

"Tí wọ́n bá gbà á padà ńkọ́, Bàbá Láyọ̀? Kí lẹ fẹ́ fi rọ́pò ẹ̀?"

"Nígbà tí mo wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, èmi kì í ṣe dúdú kankan. Gbémiga ni mo jẹ́. Ìgbà tí mo bọ́ sílẹ̀ ní airport ibí ni mo di dúdú."

"Ọmọ yín ò gbé Ìjẹ̀bú-Igbó. Al Nahda níbí ló ń gbé. Ẹ lọ ṣàlàyé Ìjẹ̀bú-Igbó fún ọmọ tó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, kó lè yé e."

Gbémiga họ orí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá rìmóòtù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Adétóun wé gèlè fún Láyọ̀ níwájú dígí, nítorí ọjọ́ náà gan-an ni Láyọ̀ tún máa dìde sọ ìtàn àwọn adúláwọ̀ tí wọ́n kó lẹ́rú ní kíláàsì, bíi ti ìdúnta àti ti èṣí. Ìyá ò mẹ́nu ba lẹ́tà. Ọmọ ò mẹ́nu bà á. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣí i.

"Ṣé ó fún ẹ jù?"

"Rárá, Mummy."

"Ó dá ẹ lójú?"

"It's fine, mà."

Bọ́ọ̀sì ilé ìwé gbé ọmọ lọ. Adétóun gbálẹ̀ ilé tó ti gbá tẹ́lẹ̀, ó pààrọ̀ bàtà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì wọ takisí lọ sí Muwaileh, níbi tí ilé ìwé wà, nígbà tí àsìkò ò tíì tó. Aago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú ló dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé.

Ìwé méjì ló wà lórí tábìlì níbẹ̀. Búlúù wà fún àwọn òbí, pupa wà fún ọmọ ọ̀dọ̀ àti dírẹ́bà tó bá wá mú ọmọ. Ọmọbìnrin tó jókòó síbẹ̀ kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì tó fi ti pupa sí i, ó ní kó kọ orúkọ madam rẹ̀ síhìn-ín, kó kọ tirẹ̀ sọ́hùn-ún. Wọ́n ti nà án sí i rí lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló sì ti fi ìbínú dá a padà. Lónìí ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ó kọ orúkọ rẹ̀, ó fa ìlà gbọọrọ síbi tí wọ́n ní kó kọ madam sí, ó wọlé. Kò sí ìtìjú nínú iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀, iṣẹ́ ni. Ojú tó wo èèyàn tí kò bi í léèrè, ìyẹn ló ń dunni.

Wọ́n ní kó jókòó dúró de ọ̀gá. Kò lè jókòó. Ó ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, títí ó fi gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀, ó sì yọjú lójú fèrèsé.

Láyọ̀ dúró níwájú pẹ̀lú aṣọ òfì lára, gèlè lórí, ọwọ́ méjèèjì lẹ́yìn. Àwọn ọmọ méjìlélógún yòókù jókòó lórí kápẹ́ẹ̀tì. Olùkọ́ wọn wà lẹ́yìn pátápátá, ó ń máàkì ìwé, ó ń mu tíì. Bí ọmọ kan bá ti nawọ́, olùkọ́ ò ní gbójú sókè, á kàn ní, "Láyọ̀ máa dá ẹ lóhùn."

"Ṣé mo lè fọwọ́ kan nǹkan orí ẹ yẹn?"

Láyọ̀ tẹrí ba fún un kó fọwọ́ kàn án.

"Ṣé wọ́n ta ìyá ìyá ẹ ni?"

Ọmọ tó béèrè ò ní ìkà nínú, ó fẹ́ mọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ojú mẹ́rìnlélógójì ló kọjú sí Láyọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Láyọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì fi ohùn kan dáhùn, ohùn tó dùn tó mọ́ rekete, tí kì í ṣe tirẹ̀.

Adétóun mọ ohùn yẹn. Ohùn àlejò ni. Bí àlejò bá dé sílé wọn, kó tó mu omi tán, òun ni yóò pe ọmọ: "Láyọ̀, ó yá, wá kí Uncle. Sọ ìtàn tó o sọ ní school fún wọn." Ọmọ á kúnlẹ̀, á dìde, á sọ ọ́ láti orí dé ìdí. Wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á ní ọmọ yìí á dé ibi gíga. Lẹ́yìn náà, Láyọ̀ á wọ báluwẹ̀, á ti ilẹ̀kùn, á pẹ́ níbẹ̀. Láti ìdúnta, ìyá rẹ̀ rò pé fóònù ló ń tẹ̀.

Ojú tì í. Ó fà sẹ́yìn kúrò lójú fèrèsé bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tí kò yẹ kó wà. Ẹni a ní kó féni lójú, ata ló fi sẹ́nu: òun tó lọ jà fún ọmọ ló tún gbé ọmọ síwájú kí gbogbo ayé máa wò ó.

Ọ̀gá ilé ìwé, Mísìs Mathew, ará Íńdíà, gbé dábínù àti kọfí síwájú rẹ̀.

"Inú wa dùn sí lẹ́tà Láyọ̀," ó ní. "Ó fi hàn pé a ti kọjá ibẹ̀. Àwọn ọmọ láti orílẹ̀-èdè ogójì ló wà níbí, a kì í wo àwọ̀. Ẹ kàn bá wa buwọ́ lu ìwé yìí pé ẹ̀yin náà fọwọ́ sí i. A máa fi Ọjọ́ Àṣà Gbogbo Ayé rọ́pò rẹ̀, ìdajì ọjọ́ ní oṣù kẹta."

Obìnrin náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Ìtura ojú rẹ̀ ló ba Adétóun lẹ́rù, ìtura ẹni tí wọ́n ń sọ ẹrù kalẹ̀ fún. Adétóun mú bírò. Bó bá buwọ́ lù ú, Láyọ̀ á sinmi, ilé ìwé á sì gbàgbé tayọ̀tayọ̀. Bí kò bá buwọ́ lù ú, Láyọ̀ á tún dúró níwájú lọ́dún tó ń bọ̀. Iwájú ò ṣe é lọ, ẹ̀yìn ò ṣe é padà sí. Ó wo bírò náà, ó sì rántí èyí tó mú lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ dákun, Mísìs Mathew, ẹ bá mi ní kí wọ́n gbé ìwé tí mo kọ orúkọ mi sí wá."

Ọmọbìnrin ẹnu ọ̀nà gbé búlúù wá. Mísìs Mathew ṣí i, ó fi ìka wá orúkọ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Orúkọ yín ò sí níbí."

"Mo mọ̀. Ẹ ní kó gbé pupa wá."

Ọmọbìnrin náà kò tètè lọ. Nígbà tí pupa dé, orúkọ Adétóun wà láàárín orúkọ dírẹ́bà kan àti ti ọmọ ọ̀dọ̀ kan.

"Àṣìṣe ni," ni Mísìs Mathew wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé. Ẹ̀ẹ̀mejì àkọ́kọ́, mo dá a padà ni. Ẹ ní ẹ kì í wo àwọ̀. Kí ni wọ́n wá wò lára mi lẹ́nu ọ̀nà?"

Mísìs Mathew pa ìwé náà dé. "Ṣùgbọ́n Láyọ̀ fúnra rẹ̀ ni kò fẹ́ oṣù náà mọ́."

"Ó ti rẹ Láyọ̀ láti máa dúró ni. Oṣù á wà. Àmọ́ olùkọ́ lẹ gbà síṣẹ́ láti kọ́ni, ẹ ò gba ọmọ mi. Kí olùkọ́ lọ kàwé, kó dìde, kó sọ ọ́, kó dáhùn ìbéèrè. Ẹ jẹ́ kí Láyọ̀ jókòó."

Àwọn méjèèjì jọ lọ sí kíláàsì. Nígbà tí wọ́n sọ fún olùkọ́, ó gbé tíì sílẹ̀, ó rìn wá síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé lórí tábìlì. Láyọ̀ wo ìyá rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín, kò fajú ro, ojú rẹ̀ kàn ń béèrè kí ló dé. Lẹ́yìn náà, ó wá àyè láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó jókòó, ó tú gèlè, ó gbé e lé itan.

Ní ọjọ́ Sunday, Ọ̀ṣuntókun àti ìyàwó rẹ̀ wá kí wọn. Ọ̀rẹ́ Gbémiga ni, báńkì ló ń bá ṣiṣẹ́ ní Dubai. Wọn ò tíì mu omi tán tí Gbémiga fi gbọ́wọ́ sókè, bí Adétóun ti máa ń ṣe.

"Láyọ̀! Ó yá, wá sọ ìtàn yẹn fún Uncle."

Ọwọ́ Láyọ̀ dúró nínú abọ́ ṣinṣíǹ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dìde.

"Ẹ jẹ́ kó jókòó," ni Adétóun wí. "Èmi ni mo máa sọ ọ́."

Ó dìde. Gbogbo ojú kọjú sí i. Ibẹ̀ ló ti yé e pé láti ìdúnta tó ti ń fi ọmọ sọ ìtàn, kò fetí sí i dé ìparí rí. Bí gèlè ṣe jókòó sí lórí ọmọ ló máa ń wò. Ọwọ́ rẹ̀ wá ibi tí yóò wà, kò rí, ó kó méjèèjì sẹ́yìn.

Láyọ̀ ju ṣinṣíǹ kan sẹ́nu, ó sún mọ́ iwájú lórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Mummy," ó ní, "a ń gbọ́ yín."