Odindi Ni Kí Ẹ Gbé E Mì

Ọwọ́ ara mi ni mo fi fún un. Ọwọ́ èmi fúnra mi... Mo ní, "Adéìfẹ́, bá mi fọ́ oògùn yìí sí méjì, ó ń há mi lọ́fun." Ìyàwó ọmọ mi, olóyún oṣù mẹ́ta! Ta ló rán mi níṣẹ́ yìí?

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù olóògùn l'Ọ́gbà. Nígbà tí mo sọ pé mo ní kí wọ́n máa fọ́ oògùn mi sí méjì, Simbiat tó ń ta oògùn ò tiẹ̀ jágbe mọ́ mi. Ó kàn béèrè pé, "Dádì, ta ló ń bá yín tọ́jú oògùn nílé?" Mo ní ìyàwó ọmọ mi tó lóyún ni. Ó ní, "Oògùn pirositéètì yìí, sà, tó wà fún ìtọ̀ tí kì í dà geere lára ọkùnrin, odindi rẹ̀ ò léwu. Àmọ́ olóyún ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan èyí tó ti fọ́. Ó lè pa ọmọ inú lára, pàápàá tó bá jẹ́ ọkùnrin."

Ọkùnrin... Fọlábí ọmọ mi sì ti ń pe oyún náà ní ọkùnrin.

Ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ń tún ẹ̀rọ ṣe níléeṣẹ́ oníke, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹ̀rọ kí n tó kìlọ̀ fún un. Oògùn ara mi wá ńkọ́? Ẹ̀yìn ríro ni mo pè é. Ìtìjú! Bí mo bá ní ìtọ̀ ò dà geere, wọ́n á ní àtọ̀sí ni, pé àgbàlagbà lọ kó o níta. Mo bá purọ́. Adéìfẹ́ sì lọ fọ́ ọ—

Ṣé ó fọ́ ọ?

Dúró ná. Ọjọ́ yẹn, kí ló gbé wá? Ó kúnlẹ̀, ó gbé ṣíbí... Odindi ni! Odindi, pẹ̀lú ife ẹ̀kọ gbígbóná. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, odindi ni kí ẹ gbé e mì. Ẹ̀kọ á tì í wọlẹ̀." Inú bí mi. Mo pe Fọlábí, mo ní ìyàwó rẹ̀ ń gbéra ga. Lójoojúmọ́ ẹ̀kọ, lójoojúmọ́ odindi.

Ìwé pélébé inú páálí oògùn yẹn... Abájọ tí wọn ò ká a bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó ti kà á! Ó mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yìn. Síbẹ̀, nígbà tí Àbẹ̀kẹ́ àbúrò mi bi í pé oògùn kí ni mò ń lò, etí mi ló gbọ́ ọ: "Ẹ̀yìn ló ń ro Dádì, mà." Kò tiẹ̀ ṣẹ́jú.

Ọmọ yìí! Ẹni tó bí i ò jìyà lásán. Mo rò pé mò ń fi àìsàn pamọ́ fún un, òun ló ń bá mi fi pamọ́.

Bí mo bá délé, màá pe àìsàn náà lórúkọ níṣojú rẹ̀. Màá bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, màá ní kó fún mi ní ẹ̀kọ mi.