Atọ́ka Orúkọ Ìyá

Ìbínú Màmá Leah ti wọ ọ́fíìsì kí ara rẹ̀ tó wọlé. Ìdí rẹ̀ há sáàárín ilẹ̀kùn àti tábìlì. Ó fà á yọ, ó sì fi í ṣẹ̀sín: "Ìdí yìí, bó o bá ń bọ̀ kó o máa bọ̀. Mi ò ní dúró dè ẹ́ lónìí." Ó wá kọjú sí Jùwọ́nlọ, ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà láti máa bá a tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn àti dátábéèsì, àká tí àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn wà.

"Ta ló fọwọ́ kan dátábéèsì mi?"

Ọjọ́ ọjà ni ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Àwọn obìnrin Abigi àti ti ìletò etí omi a máa kó ẹja wá tà, wọn a sì yà síbí kí wọ́n yẹ oyún wọn wò. Dede wọn, kò sẹ́ni tó ń mú káàdì dání. Omi inú ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ìrìn a máa ba káàdì jẹ́. Orúkọ ìyá tó bí wọn ni àwọn nọ́ọ̀sì fi ń wá wọn. Màmá Leah fúnra rẹ̀ ló ṣe atọ́ka sí orúkọ ìyá yẹn, ìyẹn ọ̀nà àbùjá tí kọ̀ǹpútà ń gbà dé ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n ń wá láìtú fáìlì gbogbo ayé wò. Láàárọ̀ yìí, àbùjá ti pòórá. Kọ̀ǹpútà ń tú fáìlì aláìsàn lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn nọ́ọ̀sì sì ń tẹ̀ ẹ́ léraléra, títí gbogbo rẹ̀ fi dúró gbagidi.

Nínú yàrá ìgbẹ̀bí, ibà líle ká Abibat, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin Abigi, mọ́ orí ìrọbí, kò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́. Àbúrò ọkọ rẹ̀ tó mú un wá kò mọ̀ ju orúkọ ìyá rẹ̀, Múnírátù, àti pé abẹ́rẹ́ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á níbí nígbà oyún àkọ́kọ́. Abẹ́rẹ́ wo? Kò mọ̀. Dókítà Ọláolú ti fa oògùn sínú abẹ́rẹ́, ó ti ránṣẹ́ sí Màmá Leah, ó dúró, kò lè gún un.

"Ẹ má bínú, mà," ni Jùwọ́nlọ wí. "Irinṣẹ́ aládàáṣe tí mo fi sórí kọ̀ǹpútà láti máa ṣọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ó ní atọ́ka náà kò wúlò, pé ńṣe ló ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Ó bá yọ ọ́."

"Láti ọjọ́ wo ló ti ń ṣọ́ wa?"

"Ajé sí Ọjọ́rú."

"Ọjọ́ ọjà wà níbẹ̀?"

"Rárá, mà."

"Ọmọ Ìlapòrú ni ẹ́. Ẹ̀yìn ìyá ẹ lo ti ń ná ọjà yìí kó o tó hu eyín. Irin ò mọ ọjọ́ ọjà, a ò lè bá irin wí. Ìwọ ńkọ́, olórí ẹja?"

"Ẹ jẹ́ n pa kọ̀ǹpútà, kí n tún tan án."

"Fọwọ́ kàn án, kí n fi bàtà yìí yọ ẹ́ léyín. Tó o bá pa á, ṣé atọ́ka yóò ti inú òkùnkùn padà wá?"

"Kí n tún atọ́ka ṣe kíákíá nígbà náà?"

"Bó o ṣe mọ̀ ọ́n ṣe yẹn, ilẹ̀kùn ni yóò tì mọ́ gbogbo nọ́ọ̀sì títí yóò fi parí. Kúrò lórí àga mi."

Ó jókòó, àga ké. Kò tilẹ̀ wo dátábéèsì náà. Kọ̀ǹpútà kejì ló ṣí, níbi tí ẹ̀dà dátábéèsì tó ń ṣe ní gbogbo Ọjọ́ Ìsinmi wà. Irinṣẹ́ Jùwọ́nlọ kò dé ibẹ̀. Atọ́ka ṣì wà níbẹ̀ digbí. Ó tẹ̀ ẹ́: *Abibat, ọmọ Múnírátù, Abigi.* Kó tó mí, fáìlì rẹ̀ ti jáde. Ó gbé fóònù.

"Dókítà, pẹnisílíìnì ni. Ẹ má fún un."

"Òun ló wà lọ́wọ́ mi yìí, Màmá."

Màmá Leah gbé fóònù sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún atọ́ka náà ṣe lọ́nà tó pẹ́, èyí tí kò dí àwọn nọ́ọ̀sì lọ́wọ́.

"Ká kúkú ju irinṣẹ́ náà nù, mà," ni Jùwọ́nlọ wí jẹ́jẹ́.

"Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló dá? Ìwọ lo fún un lọ́bẹ. Láti òní lọ, ẹnu ló ní, kò lọ́wọ́. Kó gbani nímọ̀ràn, ká dán an wò lórí ẹ̀dà. Atọ́ka tó bá ní ká yọ, ká kọ́kọ́ fi í pamọ́ kúrò lójú kọ̀ǹpútà, kí ọjọ́ ọjà méjì kọjá. Bí ẹnikẹ́ni ò bá ké, ká tó yọ ọ́. O gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

"O ò tíì gbọ́. Bọ́ síwájú."

Ó tì í lọ sídìí tábìlì táwọn obìnrin etí omi tò sí. Ẹkún ọmọ tuntun gba ojú fèrèsé yàrá ìgbẹ̀bí jáde. Nọ́ọ̀sì kan yọjú, ó ní ọmọ Abibat ni, Abibat fúnra rẹ̀ náà ti lajú. Màmá Leah mi orí, ṣùgbọ́n kò tújú ká.

"Kí lorúkọ ìyá yín, mà?" ni Jùwọ́nlọ bi obìnrin tó wà níwájú.

"Ìyá tèmi, àbí ti ọkọ mi?"

Jùwọ́nlọ wo Màmá Leah.

"Bi irinṣẹ́ ẹ," ló wí, ó sì gbé ìdí rẹ̀ lọ.