Ẹni Tó Dúró Síta Ilé Oúnjẹ Faransé

Búrẹ́dì ni ìyàwó ọmọ rẹ̀ ń rún wẹ́wẹ́ sórí aṣọ tábìlì funfun, kò fi ẹyọ kan sẹ́nu. Ìyá Aránṣọ ń wò ó.

"Mọ̀mí, wọ́n ní ọbẹ̀ àlùbọ́sà wọn dùn."

"Àlùbọ́sà lásán? Àwọn Faransé yìí mà láyà o!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ilé oúnjẹ náà kò tóbi ju ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ lọ: tábìlì méje, òdòdó kọ̀ọ̀kan nínú ìgò, olólùfẹ́ lọ́tùn-ún lósì tí wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú lọ́sàn-án gangan. Ibí ni ọmọ rẹ̀ ti fi òrùka sí ọmọbìnrin yìí lọ́wọ́, ọdún mẹ́rin sì rèé tí ọmọ náà ti kú. Ó wo ìka náà. Òrùka kò sí níbẹ̀ mọ́.

Omi lé ròrò sí i lójú. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ó rí ọkùnrin kan lójú fèrèsé, tó ti kọjá lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ta ló ń rìn síwá sẹ́yìn níta yẹn?"

Ọmọbìnrin náà sọ ṣíbí sílẹ̀. "Òun ló fẹ́ fẹ́ mi, Mọ̀mí. Ibí ni mo ti jẹ́ hẹn fún ọmọ yín. Mi ò fẹ́ sọ èyí níbòmíràn, bí ẹni ń sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Tí ẹ bá ní rárá, rárá náà ni."

Rárá ti dé ètè ìyá. Ta ni yóò máa wá kí òun ní Sátidé? Ta ni yóò tún bá òun rántí bí ọmọ òun ṣe máa ń fi ohùn burúkú kọrin ní balùwẹ̀? Ó dùn ún dé egungun. Síbẹ̀, ọmọ ọgbọ̀n ọdún ló jókòó níwájú rẹ̀, ọ̀fọ̀ sì ti jẹ mẹ́rin nínú rẹ̀.

"Ṣé ó ti jẹun?"

"Mọ̀mí?"

"Pè é wọlé. Oòrùn á pa ọmọ ọlọ́mọ."

Ọkùnrin náà wọlé, ó gba ẹ̀yìn àga Ìyá Aránṣọ yọ, ó tẹ̀ ba. "Ẹ káàsán, Mọ̀mí."

Bí ohùn ọkùnrin ṣe pè é ní Mọ̀mí láti ẹ̀yìn, Ìyá Aránṣọ yíjú kíá, ẹ̀rín ti gba ẹnu rẹ̀ kó tó rí i pé kì í ṣe ọmọ òun. Ìgbà náà ló mọ̀ pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín, òun ṣì ń retí ẹ̀.

"Jókòó," ló sọ, ó fa àga kan fún un. "Jókòó, ọmọ mi."