Àtàǹpàkò Ìyá Ọlọ́ṣẹ

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí Morufat kúrò ní Òkè-Ìrókò, ìyá tó bí ìyá rẹ̀ ló wẹ̀ ẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, ojú ń tì í, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá Ìyá Ọlọ́ṣẹ jiyàn? Wọ́n mú un dúró lẹ́yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò eérú tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ dúdú, wọ́n da omi lé e lórí, wọ́n sì fi kànrìnkàn ha á lẹ́yìn bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

“Ìyá, ó ń ta mí!”

“Kó máa ta ọ́. Ibi tí ò ń lọ á ta ọ́ jù báyìí lọ.”

Àṣà ilé wọn ni. Ẹni tó bá ń lọ sí ọ̀nà jíjìn, àgbà ilé ni yóò wẹ̀ ẹ́ jáde. Ọjọ́ tó bá padà dé, àgbà tó wẹ̀ ẹ́ jáde náà ni yóò wẹ̀ ẹ́ wọlé, kó tó jẹun, kó tó jókòó. Ẹni tí wọ́n wẹ̀ jáde tí wọn kò wẹ̀ wọlé, ojú ọ̀nà ló ṣì wà, bó tilẹ̀ sùn sórí ẹní ìyá rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n nù ún gbẹ tán, wọ́n kó ọṣẹ mẹ́wàá fún un. Ìyá Ọlọ́ṣẹ kò mọ̀wé. Tí wọ́n bá ti ṣù ọṣẹ kan tán, wọ́n á tẹ àtàǹpàkò ọ̀tún wọn sí àárín rẹ̀. Ọlọ ti tẹ àtàǹpàkò yẹn fọ́ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge, ó sì san ní wíwọ́, nítorí náà ojú tó máa ń fi sílẹ̀ lára ọṣẹ a dẹ̀gbẹ́, a rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Kò sí ọlọ́ṣẹ mìíràn lọ́jà Òkè-Ìrókò tó lè tẹ irú rẹ̀. Wọ́n á ní, “Ẹlòmíràn ń fi bírò kọ orúkọ. Èmi rèé, ìka ni bírò tèmi.”

“Má lò ó tán o, Àwẹ̀ró,” wọ́n sọ fún un. “Ṣẹ́ díẹ̀ kù. Èyí tó bá kù ni màá fi wẹ̀ ọ́ wọlé.”

“Ìyá, ẹ ò ní í lọ kí n tó dé?”

“Ẹ wo ọmọ yìí! Ṣé mo jọ ẹni tó ń di ẹrù ni? Ìwọ lo di ẹrù. Bọ́ síta jàre, ọkọ̀ ń dúró.”

Ọjọ́ náà nìyẹn. Morufat kò tún fojú kàn wọ́n mọ́.

Ọ̀dọ̀ Uncle Fàtáì ló dé sí ní Toronto, ní àjà kẹjọ ilé gogoro kan ní òpópónà Weston. Uncle Fàtáì ni àbíkẹ́yìn Ìyá Ọlọ́ṣẹ, iṣẹ́ iná mànàmáná ló ń ṣe. Àyọ̀ká ìyàwó rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni àwọn méjèèjì. Wọ́n fi Morufat sílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, òun náà sì wá iṣẹ́ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Iṣẹ́ kí ni? Iṣẹ́ ìwẹ̀. Àwọn ìyá oníyàá, àwọn tí ọmọ wọn ń gbé ibi jíjìn, ni ó ń gbé sórí àga nínú balùwẹ̀ tó ń wẹ̀ láràárọ̀. Ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbé orí arúgbó dání, ó ti mọ bí awọ ara wọn ṣe ń ṣí bí a bá rin ín jù.

Òtútù ìlú náà kò mọ́ ọn lára. Ohun kan ṣoṣo ló ń dúró dè: oṣù Kejìlá, lẹ́yìn ìdánwò, tí yóò wọ bàálù lọ sílé kí Ìyá wẹ̀ ẹ́ wọlé. Ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Ọṣẹ tó ṣẹ́ kù, tí kò tó ẹyin ẹyẹlé mọ́, wà nínú agolo mílíìkì lábẹ́ ibùsùn rẹ̀, ojú àtàǹpàkò wọn sì wà lára rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Ìyá Ọlọ́ṣẹ ti kú.

Láti oṣù Kẹsàn-án ni. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, wọ́n kírun àárọ̀ tán, wọ́n jókòó sórí ẹní, wọn kò dìde mọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti sin wọ́n. Gbogbo Òkè-Ìrókò mọ̀. Uncle Fàtáì mọ̀, Àyọ̀ká mọ̀, gbogbo ọmọ ìlú wọn tó wà ní Toronto mọ̀, àfi Morufat. A kì í túfọ̀ fún ẹni tí ìdánwò wà níwájú rẹ̀, wọ́n ní ìwé á dàrú mọ́ ọn lórí. Bó bá ti wá pe ilé lọ́jọ́ Àìkú, Àǹtí Ràbíátù, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ni yóò gbé fóònù. “Ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni.” “Ọ̀fun ń dùn wọ́n, wọn ò lè sọ̀rọ̀.” “Wọ́n lọ kí ọlọ́mọ tuntun.” Morufat á ní kí Àǹtí bá òun kí wọn. Àǹtí á ní òun á kí wọn.

Nínú oṣù Kẹsàn-án yẹn kan náà, àlejò kún ilé Uncle Fàtáì ní ọjọ́ Sátidé kan. Àwọn kan wá láti Springdale, àwọn kan wá láti Newmarket, Ààfáà kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Uncle ní àdúrà ìdúpẹ́ ni, pé wọ́n gbé òun ga níbi iṣẹ́. Inú Morufat dùn. Ó bó ẹ̀wà, ó lọ̀ ọ́, ó dín àkàrà títí ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn èéfín fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké lókè àjà. Ó gun àga, ó ń fi tíréè fẹ́ ẹ.

“Uncle, ìgbéga yín fẹ́ jó wa mọ́lé o!”

Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. Uncle Fàtáì wọ balùwẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. Ìyá kan láti Newmarket gbá Morufat mọ́ra, kò tètè fi í sílẹ̀. “Ọmọ dáadáa,” ló ń wí, “ọmọ dáadáa.” Morufat rò pé àkàrà náà ló dùn mọ́ ìyá náà lẹ́nu.

Nígbà tí oṣù Kọkànlá fẹ́ parí, Sàlísù, ọmọ ìlú wọn kan tó lọ sílé, padà dé. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ló gbé ẹrù tí Àǹtí Ràbíátù fi rán an wá: èlùbọ́, ìrù, àti ọṣẹ mẹ́fà tí wọ́n fi ewé wé.

“Ìyá ní kí n kí ọ,” ni Sàlísù wí. Ara ògiri ló ń wò. Kò gba omi mu, ó ní ọkọ̀ òun wà níbi tí kò yẹ.

Morufat kò lè dúró. Ó mú ọ̀kan wọ balùwẹ̀, ó tú ewé rẹ̀, ó gbé e sí imú. Òórùn rẹ̀ pé: eérú, àdí, ẹ̀yìnkùlé. Ó fi omi sí i, ìka rẹ̀ sì ń wá ojú àtàǹpàkò náà kiri, bó ti máa ń ṣe.

Ó rí i. Àárín gbùngbùn ló wà. Ó gún régé.

Ó jáde, ó tú márùn-ún yòókù. Gbogbo wọn ló gún régé. Ó gbé agolo mílíìkì jáde lábẹ́ ibùsùn, ó gbé ti àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tuntun. Ó kọ́kọ́ ní bóyá ọwọ́ ń dun Ìyá, bóyá ẹlòmíràn ló bá wọn ṣù ú. Lẹ́yìn náà ó rántí ọ̀fun tó ń dùn. Ó rántí oorun tí kì í tán. Ó rántí àkàrà.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Nígbà tó wọ pálọ̀, Uncle Fàtáì ń jẹun lọ́wọ́. Morufat gbé ọṣẹ àtijọ́ àti ọ̀kan nínú tuntun síwájú rẹ̀ lórí tábìlì.

“Uncle, ta ló ṣe eléyìí?”

“Ìyá kẹ̀. Ta ni ì bá tún ṣe é?”

“Ẹ wo ojú àtàǹpàkò ara rẹ̀.”

Uncle Fàtáì kò wo tuntun rárá. Ti àtijọ́ ló mú, ó fi ìka tọ́ ojú rẹ̀. Ìka yẹn ló fún òun náà lóògùn mu ní kékeré.

“Morufat,” ni Àyọ̀ká wí, “jẹ́ kí Uncle jẹun tán ná.”

“Àǹtí, àkàrà tí mo dín lọ́jọ́sí, àkàrà kí ni?”

Àyọ̀ká na ọwọ́ sí i. Morufat sún sẹ́yìn.

“Àkàrà òkú Ìyá ni. Èmi ni mo dín in. Mo tún ń pa yín lẹ́rìn-ín!”

“A ní kó o ṣe ìdánwò tán ni,” ni Uncle wí. “Ìyá mi ni wọ́n, Morufat. Àbí o rò pé ìwọ nìkan ni?”

“Ẹ ò sunkún. Mi ò rí i kí ẹ sunkún lẹ́ẹ̀kan.”

“Inú ọkọ̀ ni mo ti ń sun ún. Nísàlẹ̀, níbi tí a ń gbé ọkọ̀ sí. Bí mo bá sun ún tán, màá nu ojú, màá gòkè wá bá ọ.”

Morufat mú fóònù, ó pe ilé. Ilẹ̀ ti ṣú lọ́hùn-ún. Àǹtí Ràbíátù gbé e, ohùn rẹ̀ ń dán.

“Àwẹ̀ró! Ṣé ọṣẹ dé? Ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀...”

“Àǹtí mi, ta ló wẹ̀ wọ́n?”

Ó gbọ́ tí Àǹtí Ràbíátù ti ilẹ̀kùn lọ́hùn-ún.

“Níbí, èmi ni mò ń wẹ ìyá oníyàá,” ni Morufat wí. “Ojoojúmọ́. Ta ló wẹ ìyá tèmi?”

“Èmi ni,” ni Àǹtí Ràbíátù wí, “èmi àti ìyàwó Ààfáà àdúgbò wa. Ọṣẹ tiwọn ló ku méjì nínú agbọ̀n, a lò ó tán lára wọn.”

“Ṣé omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́?”

“Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.”

“Ṣé kò wọ̀ wọ́n létí? Wọn kì í fẹ́ kí omi wọ àwọn létí.”

“Mo fi ọwọ́ bò ó, ọmọ mi. Mo mọ̀.”

Lẹ́yìn náà, Àǹtí Ràbíátù tún ní, “Mo rò pé bí mi ò bá tẹ ìka sí ọṣẹ yẹn, wàá fura.”

“Ìka yín ti gún jù, Àǹtí.”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Àǹtí Ràbíátù láìròtẹ́lẹ̀. Ẹ̀rín náà di ẹkún, Morufat náà sì gbà á.

Nígbà tí wọ́n sunkún tán, Àǹtí ní, “Máa bọ̀ nínú oṣù Kejìlá bẹ́ẹ̀ náà. Èmi á wẹ̀ ọ́ wọlé.”

“Ẹ̀yin kọ́ lẹ wẹ̀ mí jáde.”

Bó ti gbé fóònù sílẹ̀, ó ní kí Uncle bá òun dá tíkẹ́ẹ̀tì padà. Uncle ní kó rò ó dáadáa. Ó ní òun ti rò ó.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kó tó lọ síbi iṣẹ́, ó gbé ọṣẹ inú agolo mílíìkì wọ balùwẹ̀. Ta ni yóò tún tọ́jú rẹ̀ dè? Ó fi ha ara, ó ha apá, ó ha ẹ̀yìn débi tí ọwọ́ rẹ̀ lè dé. Oṣù tẹ́ẹ́rẹ́ ara ọṣẹ náà ń rù sí i lábẹ́ ìka rẹ̀, ó di òwú, ó di ìfófòó, omi gbé e lọ. Nígbà tó bọ́ síta tó ń dúró de bọ́ọ̀sì, yìnyín ń bọ́, atẹ́gùn sì ń ta á lára níbi tó ti ha.

Níbi iṣẹ́, ìyá òyìnbó tó máa ń kọ́kọ́ wẹ̀ ti jókòó sórí àga. Morufat fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ omi wò títí ó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kó tó bù ú lé ìyá náà lórí, ó fi ọwọ́ òsì bò wọ́n létí.